Ìbọn Bàbá Mi àti Ilé Tìróò Wa

Mo ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀kà nígbà tí bàbá mi ti ọ̀dọ̀ olórí ọdẹ àdúgbò dé, tó sì jókòó sórí odó. Kò sí àgbà tó ń jókòó sórí odó nílé wa. Mo gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀.

"Wọ́n ti mú ọjọ́ ọdẹ," ló wí. "Wọ́n ní kí n mú igi dání."

Nígbà yẹn, Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni, mo ń retí èsì ìdánwò. Lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú koríko gbẹ, àwọn ọdẹ àdúgbò wa máa ń jọ wọ igbó tó wà lẹ́yìn àpáta. Àwọn tó ní ìbọn á lọ dúró lápá kan, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Àwọn tí kò ní, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọdé, á wọlé láti apá kejì, wọn á máa fi igi na koríko, wọn á máa hó yèè, kí ẹran lè sá lọ bá àwọn oníbọn. Láti ìgbà tí bàbá mi kò tíì gbé ìyá mi níyàwó ló ti ń dúró lápá àwọn oníbọn. Àgbàlagbà tó bá sì mú igi dání lẹ́ẹ̀kan, kì í padà sápá oníbọn mọ́. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ó ti tán. Wọn á kàn ní kí bàbá máa sinmi.

Ìbọn rẹ̀ kò bàjẹ́. Ohun tó ń jẹ ni kò sí. Ọwọ́ sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ti rà á, ihò inú ọ̀pá rẹ̀ sì kéré ju ti gbogbo ìbọn tó kù ní Ọ̀kà. Ọta tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rà ní Ìkàrẹ́ kò wọ̀ ọ́. Ọta tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, idẹ ni èèpo rẹ̀, kò sì dé ọjà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ẹní wé ìbọn náà, a sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tó ń tún ìbọn ṣe. Ọkùnrin náà gbé ọ̀pá ìbọn sójú, ó wo inú rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀.

"Bàbá ọdẹ, ìbọn yín ń ṣa oúnjẹ jẹ o. Oúnjẹ tí gbogbo ayé ń jẹ, kò jẹ ẹ́."

"Gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ fún mi, kó lè máa jẹ ti gbogbo ayé."

Alágbẹ̀dẹ fi èékánná kan ara irin náà. "Mo lè gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Tí mo bá gbẹ́ ẹ fẹ̀, tí ẹ wá fi ọta ńlá sí i, ó máa bẹ́, ẹran ò ní mọ nǹkan kan. Ojú tiyín ló máa mọ̀ ọ́n." Ó dá ìbọn padà fún un. "Èèpo ọta yín àtijọ́ ńkọ́? Idẹ kì í kú. Ẹ kó wọn wá, màá kì wọ́n padà fún yín."

Bàbá mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Inú igbó ni ó ti ju ọ̀pọ̀ èèpo náà sí, nígbà tí ọta ṣì pọ̀. Mẹ́ta péré ló kó wálé. Ó nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó gbẹ́ ìdérí igi sí wọn lẹ́nu, ó sì fi wọ́n ṣe ilé tìróò: ọ̀kan fún ìyá mi nígbà ìgbéyàwó, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin nígbà tó ti Mẹ́kà dé, ọ̀kan fún èmi nígbà wòlímọ̀ mi, tí mo ka Kùránì parí.

Nígbà tó ṣàlàyé, alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ lọ tọrọ ọta lójú àwọn obìnrin, Bàbá."

Ìkàrẹ́ náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbé. A bá a níbi tó ti ń jọ èlùbọ́.

"Àlàájà, ilé tìróò yẹn ni mo wá gbà."

"Èwo? Èyí tí o fún mi?" Kò dúró, ó ń jọ èlùbọ́ rẹ̀ lọ. "Ọmọ ìyá mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń pọ̀n ọ́, nǹkan kan ṣoṣo tí o fún mi láìjẹ́ pé mo bèèrè nìyẹn. Kí n wá fi ojú ṣákálá lọ síbi ìkómọ lọ́la?"

"Wọ́n ní kí n mú igi dání."

Ajọ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Olórí ọdẹ yín yẹn? Èyí tí ẹmọ́ lé wọlé lójú mi?" Ó wọ yàrá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ojú rẹ̀ méjèèjì dúdú minimini. Ó ti lé gbogbo tìróò tó wà nínú èèpo náà sójú. Ó na èèpo náà sí i. "Tí o bá yìn ín tán, dá a padà. Má sì jẹ́ kó máa rùn."

Nílé, ìyá mi mú tirẹ̀ wá láìjà. "Èyí tó wà lójú mi ńkọ́, Bàbá wọn? Ṣé ẹ ò ní gbà á?" Mo fi tèmi kún un, mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí tí wọ́n fi ń dán. Alágbẹ̀dẹ sì kì wọ́n, gẹ́gẹ́ bó ti ṣèlérí.

Lọ́jọ́ ọdẹ, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo ń tẹ́tí. Àwọn ìbọn ńlá dún bíi kí wọ́n ju pákó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tirẹ̀, tó dún gbẹ bí igi tó ṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi dìde, ó gbé ìkòkò omi kaná, nítorí ẹran.

Ọwọ́ òfìfo ni bàbá mi fi dé. Ó rọra fi ìbọn kọ́ ara ògiri, ó sì jókòó sórí àga tirẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀. Ìyá mi wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìkòkò. Mo bu omi mímu fún un, mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ìgalà ni, ọmọ mi. Ó gba iwájú mi kọjá gbọọrọ, mo sì tàsé rẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti inú igbó títí dé ẹnu ọ̀nà wa níhìn-ín. Ẹni tó mú igi dání, ta ló máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó tàsé?"