Rọ́ọ̀gì Ìyá Mi àti Kílọ́ọ̀ṣì Bàbá Mi

Etí mi ṣì ń gbọ́ igbe tí jíà píkọ́ọ̀pù bàbá mi ké lọ́jọ́ ọjà Àpòmù yẹn, gíríìrì, bí ẹni ń fi irin họ irin. Gbogbo ọjà ló yíjú sí mi. Ẹ̀gbẹ́ ọjà náà ni ilé wa, ibẹ̀ ni ọkọ̀ sùn mọ́jú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn obìnrin tó ń dín dòdò ń dúró dè mí ní Ìkirè, èmi sì jókòó sídìí ọkọ̀, mo fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ òsì mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, jíà kò wọlé.

Ọmọge ni mí nígbà náà, orí mi sì wú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi fi kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ararọ̀mí-Òwu àti Àpòmù lọ sí Ìkirè kí orúnkún tó dá wọn jókòó. Nínú gbogbo ọmọ wọn, èmi nìkan ni ọkọ̀ wù láti kọ́, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi kọ́ mi. Bí mo bá ti dé ìdí ọkọ̀, màá bọ́ bàtà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá so gèlè bí ẹni ń lọ sójú ìjà, màá sì máa fọn fèrè fún ewúrẹ́ tí kò tilẹ̀ sí lójú títì. Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Èmi gbà pé mo ti ń bá àwọn àgbà awakọ̀ jẹun, mo tilẹ̀ ti ń mú ẹran.

Igbe jíà ló já mi walẹ̀. Nígbà tí mo gbìyànjú títí tó sú mi, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ki jíà kìíní bọ̀ ọ́, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Mo ṣáná sí i bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ta gìrì síwájú, jíà kìíní yẹn nìkan ni mo sì fi wọ́ dé Ìkirè. Àwọn ọlọ́kadà ń yà mí sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Sister, abi make we push?” ni ọ̀kan wí. Ojú tì mí gan-an.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Láti orí àga tó jókòó sí ló ti gbọ́ igbe jíà, ló bá ní pẹléètì kílọ́ọ̀ṣì ti jó, àfi kí wọ́n sọ jíà kalẹ̀, owó rẹ̀ sì ju agbára wa lọ. Ó ní ẹsẹ̀ obìnrin ló jó o. Ọkùnrin kan wà tó máa ń ra ọkọ̀ àlòkù, ojú rẹ̀ sì ti pẹ́ lára píkọ́ọ̀pù yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Bàbá mi ní kó wá wọ́ ọ lọ lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, “Ìwọ náà, lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.” Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe, n kò ní òmíràn lọ́kàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹkún ti di ìbínú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ta ló sọ fún mẹkáníìkì pé pẹléètì ni? Mo rántí ohun tí bàbá mi kọ́ mi. Pẹléètì tó jó máa ń rùn. Mo gbóòórùn títí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fa bíréèkì ọwọ́ sókè gbọingbọin, mo ki jíà kẹta bọ̀ ọ́, mo ṣáná, mo wá rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó kú. Inú mi dùn! Pẹléètì tó ti jẹ tán kò lè pa ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ì bá máa yọ̀ tí ẹ́ńjìnnì á sì máa ké lọ. Pẹléètì wa ń dì mú. Bí jíà bá ń wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tó sì ń kọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, á jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì kì í tú tán nìyẹn, pé ìtẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò dé ibi tó yẹ kó dé.

Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo wo okùn irin tó ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Kò já, kò sì dẹ̀. Mo padà, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dípò ẹsẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sórí ohun kan tó rọ̀. Irin kọ́ nìyẹn! Mo gbé rọ́ọ̀gì tó wà nílẹ̀ sókè, mo bá òmíràn lábẹ́ rẹ̀, tuntun, tó nípọn, tí wọ́n ká lérí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo fà á jù síta. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó lọ sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ṣáná, mo ki jíà bọ̀ ọ́, ó wọlé láìsọ̀rọ̀. Kìíní, ìkejì, ìkẹta! Mo figbe ta, “Bàbá! Ó ti wọlé o! Ẹ wá wò ó!”

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sáré jáde. Nígbà tí wọ́n rí rọ́ọ̀gì nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí. “Háà, èmi ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. O kì í wọ bàtà wakọ̀, mo ní kí ooru ẹ́ńjìnnì má bàa jó ọ lẹ́sẹ̀ ni o.” Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi pẹ̀lú.

Ìgbà tí ọkùnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀ fi ti mọ́ṣáláṣí dé, tòun ti àwọn tí yóò bá a tì í, bàbá mi ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n ní kí n ki gbogbo jíà níkọ̀ọ̀kan lójú àwọn. Mo ki í. Wọn kò yìn mí, wọn kò sì bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ju “Ẹ má bínú” lọ. Wọ́n rọra yípo ọkọ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, ibi tí wọn kò jókòó sí mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ mi tán, wọ́n wọlé, wọ́n ní, “Jẹ́ á máa lọ sí Ararọ̀mí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n.”

Ó ti pẹ́. Bàbá mi ti lọ, kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Ọkọ̀ mẹ́ta ló ń bá mi kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ báyìí, èyí tí èmi fúnra mi sì ń wà kò tilẹ̀ ní kílọ́ọ̀ṣì. Fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà. Mo ti ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá mi títí. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ gbé wọn jáde, wọn kì í wọ ọkọ̀ kí wọ́n má kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi, kí wọ́n di ìbàdí mú, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọwọ́ wá abẹ́ ẹsẹ̀ mi yíká. Ìgbà náà ni wọ́n tó máa ń sọ pé, “Bisimilááhì. Máa wà á lọ, ọmọ mi.”