Ta Ló Tẹ Bọ́tìnì Màmá?

Òórùn tùràrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Harburg, lẹ́yìn rẹ̀ ti àbẹ́là, lẹ́yìn rẹ̀ ti ìbọ̀sẹ̀ tútù tí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, nítorí a kì í wọ bàtà wọlé, òtútù ì báà mú tó báwo. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń sọ yìí, ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mò ń yọjú wo iṣẹ́ lórí fóònù mi. Má bá mi wí. Ìwọ náà mọ bí iṣẹ́ tuntun ṣe máa ń rí lára ẹni.

Iṣẹ́ ọ̀hún ni ti àwọn arúgbó tó ń dá gbé nínú ilé gogoro kan ní Märkisches Viertel, ní Berlin. Ilé-iṣẹ́ wa kan ojú ẹ̀rọ kékeré mọ́ ògiri ilé kálukú wọn, bọ́tìnì ńlá kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀, tí wọ́n á máa tẹ̀ pé àwọn jí ire. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, Hausmeister, ìyẹn alámòójútó ilé náà, á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju páálí sìgá lọ, ṣùgbọ́n kí n tó to ẹyọ kan tán, ilẹ̀ á ti ṣú. Ni mo bá kọ àwọn àṣẹ kan sínú káàdì ìrántí rẹ̀: bí iná bá ti dé, á wá Internet fúnra rẹ̀, á sọ ara rẹ̀ lórúkọ, á ṣí ojú ewé bọ́tìnì náà, á sì ti ọ̀nà yòókù pa. Ọ̀gá mi ní kí n fi ìdánwò kan kún un níparí. Ọjọ́ kan ni mo fi to gbogbo ilé náà tán, inú mi sì dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Láàárọ̀ yẹn, gbogbo orúkọ ló ní àmì àwọ̀ ewé, pé olúwa rẹ̀ ti tẹ bọ́tìnì. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó yẹ kí ìyẹn ti bà mí lẹ́rù tipẹ́, arúgbó wo ni kì í gbàgbé? Bí mo ṣe gbójú sókè, Màmá kan tó ń gbé inú ilé náà ló dúró níwájú mi nínú aṣọ funfun. Wọ́n ti wá láti Berlin fún ìsọjí, láti ọjọ́ Ẹtì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì fi orúkọ wọn hàn wọ́n lórí fóònù, pẹ̀lú àmì rẹ̀.

Wọ́n wò ó títí. "Ta ló tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi? Èmi nìkan ni mò ń gbé ibẹ̀. Schlüssel ilẹ̀kùn mi rèé nínú bag mi."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo rántí ìdánwò yẹn. Nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá tàn, á tẹ bọ́tìnì náà fúnra rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ní ìdájí lójoojúmọ́, ó ń pa ara rẹ̀, ó ń tún ara rẹ̀ tàn. Láti ìgbà tí a ti kàn wọ́n mọ́ ògiri, ẹ̀rọ ló ń bèèrè, ẹ̀rọ ló ń dáhùn.

Màmá jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. "Opa, bàbá àgbà tó ń gbé lókè mi ńkọ́? Mi ò gbọ́ rédíò rẹ̀ kí n tó máa bọ̀. Mo rò pé ó ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ni."

Mo jáde sí títì láìwọ bàtà, mo pe Hausmeister. Ó ní òun rí àmì pé bàbá náà jí ire láàárọ̀ yẹn, kí ló dé tí òun á fi lọ yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsinmi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń pa. Ó lọ, ó ń kùn. Mo gbọ́ tó kan ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó pe orúkọ bàbá náà, mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kùn mọ́.

Dókítà sọ pé ọjọ́ tí bàbá náà ṣubú kọ́ ni wọ́n kú. Wọ́n wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹ̀rọ orí ògiri sì ń bá wọn jíṣẹ́ fún wa pé wọ́n jí ire.

A ti yọ ìdánwò náà kúrò. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé àlàáfíà lòun wà, mo ṣì máa ń pè é, mi ò sì ní gbé fóònù sílẹ̀ àfi tí mo bá gbóhùn rẹ̀. Ìkíni tí ẹ̀rọ bá lè bá wa kí, òkú pàápàá lè kí i.