Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tó Ń Kùn Nígbà Tí A Ń Sá Ìrẹsì

Ohun tí Purita mọ̀ nípa ọkọ̀ kò ju kó wọlé, kó jókòó, kó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pé. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń ti itẹ́ òkú bọ̀ ni, tí wọ́n lọ fọ sàréè ìyá Delfin ọkọ rẹ̀, tí wọ́n tan àbẹ́là, tí wọ́n sì jókòó jẹun níbẹ̀ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe nínú oṣù kọkànlá. Nǹkan kan ń kùn lábẹ́ ọkọ̀, hùùù, bí oyin tó kó sínú garawa. Bí ọkọ̀ bá sáré, ohùn rẹ̀ á ròkè. Bí ọkọ̀ bá rọra, á wálẹ̀.

"Bàbá Jovit," Purita fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀, "kí ló ń kùn yẹn?"

"Kí ló ń kùn?"

"Ìyẹn."

Delfin yí ojú sí i bí ọmọ tí olùkọ́ bi ní ohun tí kò kà. "Ọ̀nà ni," ó ní. "Ọ̀nà ló ń dún."

Ọ̀nà kọ́. Purita mọ bí ọ̀nà ṣe ń dún. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá ọkọ rẹ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀ ni, àbí kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rárá. Ọdún gbọọrọ ni Delfin fi wa jíìpù akérò, tí ẹ́ńjìnnì ń ké mọ́ ọn létí láti àárọ̀ dalẹ́, kó tó wá ra bọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń kó àwọn ọmọ iléèwé. Láìpẹ́ yìí, bí èèyàn bá pè é láti ẹ̀yìn, ńṣe ni yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn Purita á ní ìgbéraga ni. Nígbà mìíràn á ní bóyá ọ̀rọ̀ òun ló ti sú u.

Ẹni kejì tó gbọ́ ọ ni Teodora, aládùúgbò wọn tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ náà lọ síléèwé. Obìnrin yìí kì í jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó dá Purita dúró lẹ́nu géètì.

"Ate Purita," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n lóbìnrin lọ́dọ̀ wa, "ọkọ̀ yín ń kùn bí ológbò tó yó. Mi ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n bí iléèwé bá wọlé lọ́jọ́ Ajé tó ṣì ń kùn, àwọn ọmọ mi ò ní wọ̀ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ojú mi ni àwọn ìyá tó kù ń wò."

Purita mọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún Delfin nìyẹn. Bí àwọn ọmọ bá kúrò nínú ọkọ̀ yẹn, ilé ni yóò jókòó sí, yóò máa tún redíò tí kò bàjẹ́ ṣe.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ti mọ́, Purita fi ẹja gbígbẹ àti ìrẹsì alááyù dí Delfin lẹ́nu, ó ní kí wọ́n lọ fi ọkọ̀ náà rìn, kí wọ́n mọ èwo nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn ibi tí táyà wà, ló ń kùn. Delfin kò jiyàn. Èyí pàápàá rú Purita lójú, nítorí ọkùnrin yẹn a máa bá oòrùn jiyàn.

Àsìkò ìrẹsì sísá ni. Ìdajì títì, ìyẹn ìdajì tó wà lápá oko, ìrẹsì eléèpo ni wọ́n tẹ́ sí i láti ẹnu abúlé títí dé ilé ìlọrẹsì, wọ́n sì to òkúta sí etí rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà gùn ún. Ìdajì kejì ni ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ ń pín, ìdajì yẹn ló sì fara ti ògiri gígùn ilé ìlọrẹsì. Bí o bá na ọwọ́ jáde, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri.

Wọ́n gbéra lọ sápá ìlú. Purita ṣí fèrèsé, ó ká irun kúrò létí.

"Òsì ni," ó ní. "Ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn."

Wọ́n dé ìkóríta, wọ́n yí padà. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Purita fi yanu. "Ó ti di ọ̀tún."

Delfin tẹ bíréèkì. "Ìyá Jovit, ṣé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni àbí àlejò tó ń pààrọ̀ àga?"

"Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ."

"Èwo wá ni kí n tú?"

"Ṣé èmi ni mo ni ọkọ̀ ni?"

"Ìwọ lo ni etí," Delfin wí, ó sì yíjú kúrò lójijì bí ẹni tí owó já bọ́ lápò rẹ̀ lójú àwùjọ. Purita wò ó. Kò mọ̀ bóyá kó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ àbí kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Abner aládùúgbò wọn ló bá wọn dá ẹjọ́ náà. Ìrẹsì rẹ̀ ni wọ́n sá síwájú ilé wọn, òun náà sì fi igi tó fi ń fa ìrẹsì kiri lójú oòrùn tilẹ̀ bí ọ̀pá àṣẹ, ó wọlé wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Èwo lo kọ́kọ́ sọ?" ó bi Purita.

"Òsì."

"Òsì náà ni. Ohun tí ẹnu bá kọ́kọ́ sọ ni òótọ́, ìyókù àròsọ ni."

Delfin náà rántí pé ẹsẹ̀ òsì iwájú ọkọ̀ ni òun fi ń já sínú kòtò ìdí afárá lójoojúmọ́. Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn. Ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sílùú, ó sì ra họ́bù tuntun kan bọ̀, ìyẹn irin àárín tí a ń de táyà mọ́, tòun ti bíárìn, àwọn ọta irin inú rẹ̀ tó ń jẹ́ kó yí wẹ́rẹ́.

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà. Delfin fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ó fi jáàkì gbé iwájú sókè, ó sì gbé e lé igi ìtìlẹ̀, nítorí kò jẹ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ sábẹ́ jáàkì nìkan. Ó yọ táyà. Ó yọ irin tó ń di bíréèkì mú, ó fi okùn so ó rọ̀ kí ìwúwo rẹ̀ má baà já rọ́bà epo bíréèkì, ó sì yọ dísìkì. Nọ́ọ̀tì àárín, ẹsẹ̀ ló fi tẹ sípánà rẹ̀ kó tó gbà. Ó tú àwọn bóòtì ẹ̀yìn. Họ́bù kò mira. Ó ti dípẹtà mọ́ ibi tó wà, bí ìyàwó tí kò fẹ́ kúrò nílé bàbá rẹ̀.

"Da kerosíìnì sí i," Abner wí.

"Mo ti dà á."

"Tún òmíràn dà."

Wọ́n mu kọfí, wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀, wọ́n tún dà á. Nígbà tó yá, hámà ló kù. Delfin lù ú lọ́tùn-ún, ó lù ú lósì, títí ó fi bọ́ sílẹ̀ gbì. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló kún fún koríko ìrẹsì, ó wé mọ́ ọn pinpin bí òwú lára kẹ̀kẹ́ ìránṣọ.

"Ẹ ò rí i?" Abner nà án sókè. "Ohun tó ń kùn nìyí."

Gbogbo wọn gbà pé òun ni. Ta ni kò ní gbà? Delfin fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, ó fi gírísì ra ojú ihò, ó fi tuntun sí i, ó dì í le. Ó ń kọrin lábẹ́nu. Purita sì dunnú, àfi bó ṣe ṣẹ́jú wo họ́bù àtijọ́ yẹn tí kò rí ohunkóhun tó jọ oyin nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n gbé e jáde. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Hùùù.

Delfin ń wo ojú rẹ̀, kò wo ọ̀nà. "Ó ti dákẹ́, àbí?"

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Purita. Bó bá ní ó ti dákẹ́, inú ọkọ rẹ̀ á dùn títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ni yóò jókòó síbi tí òun jókòó sí yìí. Àbí etí òun ló ń kùn? Etí àgbà náà a máa kùn.

"Kò dákẹ́," ó wí.

"Òsì náà ni?"

"Òsì ni. Nígbà tí a bá ń bọ̀, á di ọ̀tún. Ẹ má bi mí léèrè."

Kò dùn mọ́ Delfin. Ó já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ní òun á dá lọ tún un fi rìn. Purita kò bi í ohun tó fẹ́ fi gbọ́ ọ. Ó dúró sẹ́bàá títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì Abner, ó kọ̀yìn sí ilé ìlọrẹsì, ó ń wo oko, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan gba ojú ọ̀nà oko kọjá níwájú rẹ̀, ó gbé àpò ìrẹsì. Ariwo rẹ̀ sì dé etí Purita láti ẹ̀yìn. Ó yíjú padà. Kò sí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri ló wà níbẹ̀.

"Mang Abner," ó ní, bí a ti ń pe àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, "ẹ̀gbẹ́ wo ni kẹ̀kẹ́ yẹn gbà?"

"Iwájú wa níbí. Ojú rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ọ."

Abner fara ti igi rẹ̀, ó rò ó díẹ̀. "Ògiri ló dá a padà," ó ní. "Ìgbà tí kò bá sí ìrẹsì lójú títì, kò sẹ́ni tó ń sún mọ́ ògiri yẹn, kò lè dá nǹkan kan padà fún ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí Delfin dé, Purita sọ fún un pé ògiri ni òun ń gbọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ògiri wà lósì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ó wà lọ́tùn-ún. Delfin ní kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Purita sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, sókè.

"Ṣé ògiri ló bàjẹ́ ni?" Delfin bi í.

"Rárá o. Nǹkan ń kùn lóòótọ́. Etí ò kàn lè sọ ibi tó wà fún wa ni."

Delfin jókòó sórí táyà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Ó gbé ọwọ́ kan lé sípíríńgì tó wà lórí ẹsẹ̀ òsì, ó fi èkejì yí táyà. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Ó lọ sí ọ̀tún, ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì pe Purita.

"Gbé ọwọ́ rẹ síbí."

Purita gbé e síbẹ̀. Sípíríńgì náà ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ ìka rẹ̀, bí ẹni tó ń rún yanrìn lẹ́nu. Ó tún lọ fọwọ́ kan ti òsì: ó tutù, ó dákẹ́.

"Ẹ ò bá ti ṣe èyí látijọ́," ó ní.

"Etí ni mo máa ń fi ṣe é látijọ́."

Ó wí i láìwo ojú rẹ̀. Purita béèrè bóyá wọ́n lè tú tuntun yẹn, kí wọ́n fi sí ọ̀tún, kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà sí òsì. Delfin gbé ti àtijọ́ náà lé e lọ́wọ́. Hámà ti tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ohun tó dára ni wọ́n lù pa. Wọn kì í sì í ṣí ìsọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ ní ìlú lọ́jọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ á ti wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n tó ṣí i.

"Ó ti ń rìn bẹ́ẹ̀ tipẹ́," Delfin wí. "Ọjọ́ kan sí i..."

"Bàbá Jovit."

"Mo gbọ́."

Ó nu ọwọ́, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó sì gba ọ̀dọ̀ Teodora lọ. Purita tẹ̀ lé e, kò mọ̀ bóyá ó ń lọ bẹ̀ ẹ́ ni àbí ó ń lọ bá a jà. Teodora ń yan ẹja níwájú ilé.

"Mi ò ní gbé àwọn ọmọ lọ́la," Delfin wí. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti bàjẹ́. Òsì ni mo tún ṣe."

"Ẹ ò gbọ́ pé ọ̀tún ni ni?"

"Mi ò gbọ́ ọ rárá. Ìyàwó mi ló gbọ́ ọ."

Teodora yí ẹja padà. Ó wo Purita, ó wo Delfin. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní, "èmi fúnra mi ni mo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bó bá kùn pẹ́ẹ́, ó parí."

Delfin tún ọ̀tún ṣe lọ́jọ́ Ajé. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, Teodora jókòó sí iwájú pẹ̀lú Purita, wọ́n há mọ́ra wọn, fèrèsé méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n yí padà, wọ́n tún kọjá. Purita tẹ́tí títí ọrùn fi ń dùn ún. Táyà ń dún lórí kọnkéré bí táyà ti í dún. Ó wá ìkùn yẹn, kò rí i, àìrí rẹ̀ sì tún rú u lójú.

"Ṣé ẹ̀yin ń gbọ́ nǹkan kan?" ó rọra bi Teodora.

"N ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà ò gbọ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Kí lẹ ń sọ?" Delfin bi wọ́n.

Purita sún mọ́ etí rẹ̀. "A ní a ò gbọ́ nǹkan kan."

Delfin mi orí. "Èmi náà ò gbọ́," ó ní.

Teodora bú sẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, bí wọ́n sì ti padà dé ẹnu géètì, ó yọrí síta lójú fèrèsé, ó ní kí àwọn ọmọ mú báàgì wọn máa bọ̀.