Abọ́ Kóró Àgbálùmọ̀

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí wọn ì bá pè é. N kì í ṣe tíṣà, n kì í sì í ṣe olùbẹ̀wò. Wọ́n ní kí n máa lọ láti ilé dé ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe jẹ́lé-ó-sinmi, kí n jókòó tì wọ́n, kí n wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé, kí n sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi bi mí kó tó yé e. Nígbà tó yé e tán, ó ní, "Tíṣà àwọn tíṣà," ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi lára.

Àwọn ọdún 1970 nìyẹn. Ogun ti parí, gbogbo ènìyàn ló ń wá nǹkan tuntun kọ́. Láàárọ̀, bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà tí mo gba ẹ̀yìn àwọn aláṣọ kọjá, ṣe ni mo máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Àpò awọ kan wà léjìká mi tí páálí aláwọ̀ oríṣiríṣi àti àwòrán ẹranko kún inú rẹ̀. Mo gbà pé ohun tó wà nínú àpò yẹn lè tún ayé ṣe. Àárò ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà bẹ́ẹ̀ ṣì máa ń sọ mí.

Jẹ́lé-ó-sinmi tí mo fẹ́ràn jù wà nínú agbo ilé kan tí kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó. Ìyá Tíṣà ni gbogbo agbo ilé ń pe obìnrin tó ń ṣe é. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, àwọn ìyá wọn a sì já wọn sílẹ̀ níbẹ̀ ní kùtù kí wọ́n tó lọ ṣí ìsọ̀. Ó dàgbà tó láti bí mi, àmọ́ torí pé ìjọba ló rán mi, ó máa ń bọ̀wọ̀ fún mi, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Obìnrin náà mọ ọmọ. Bí ọmọ bá ṣe jókòó ló ti máa mọ̀ bóyá ó jẹun kó tó jáde nílé.

Ìwé àṣẹ nìkan ni kò ní. Àwọn ọ̀gá wa ti kéde pé jẹ́lé-ó-sinmi tí kò bá níwèé títí táàmù yẹn fi máa parí, wọ́n á tì í. Olùbẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó gbọ́dọ̀ bá ogún ọmọ nílé, ó kéré tán, kó sì rí i pé wọ́n mọ oǹkà. Mo ti fojú kà wọ́n, méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ọkàn mi balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sọ fún Ìyá Tíṣà pé orúkọ tó ń pè láràárọ̀ kò tó. Mo ní kí àwọn ọmọ tò, ká máa fọwọ́ kàn wọ́n lórí níkọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn máa kà á sókè. Ó rọra bi mí bóyá kò ní dáa ká ka nǹkan mìíràn. Mo ní ohun tó bá sún mọ́ ọmọ jù ni kó kọ́kọ́ kà, kí ló sì tún sún mọ́ ọn ju ara rẹ̀ lọ? Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Ni mo bá dìde. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin! Àwọn ọmọ ń pariwo, ohùn wa dé ìta, àwọn tó ń kọjá lọ dúró wò wá. Bí mo ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, mò ń súfèé.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mọ́kànlá ló wá. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n ku mẹ́rin, ọmọ-ọmọ Ìyá Tíṣà sì ni gbogbo wọn. Mo rò pé èéyi ló bẹ́ sílẹ̀, mo sì bi í bóyá àwọn yòókù ń ṣàìsàn. Ó kọjú sí mi. Ọjọ́ yẹn nìkan ṣoṣo ló yọ "ẹ" kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi.

"Níbo ni wọ́n ti bí ọ ná? A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. O dúró sí gbangba, ò ń fi ìka kan orí wọn bí ẹni ń ra adìẹ. Àwọn ìyá wọn ti gbọ́. Ta ló fẹ́ gbé ọmọ tirẹ̀ wá kí o tún kà á?"

Èkó náà ni wọ́n bí mi, lọ́wọ́ Olówógbowó, nílé àwọn onígbàgbọ́ Sàró. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ló bí, èsì tó máa fún yín ni pé Ọlọ́run ṣe é dáadáa. Mo mọ̀ ọ́n. Ìwé ló bo ohun tí mo mọ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni mo lé lọ, àmọ́ àwọn tí mo lé lọ tó láti ti ilé ìwé obìnrin náà pa.

Ìyá Tíṣà mú mi lọ sọ́dọ̀ àgbà obìnrin ilé náà, Àlájà kan tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Bí òun bá ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, kò sí ìyá tó máa sọ̀rọ̀ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ń mu àgbálùmọ̀ lọ́wọ́, torí àkókò rẹ̀ ni, ó sì ń tu kóró rẹ̀ sínú abọ́ tánńganran kan.

Ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ wá ka eyín tó kù lẹ́nu mi? Ìwọ tíṣà àwọn tíṣà, tíṣà wo ló kọ́ ẹ?"

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Abọ́ yẹn ló ń wò. Ó bi Àlájà pé bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá mú kóró kan wá láràárọ̀, tó jù ú sínú abọ́, tí wọ́n wá ka kóró, ṣé ẹnikẹ́ni lè sọ pé wọ́n ka ọmọ òun?

Àlájà rò ó díẹ̀, ó tu kóró mìíràn. "Kóró ni kóró ń jẹ́," ló sọ.

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dìde nílẹ̀. Ọ̀sán yẹn la yí gbogbo ìsọ̀ ká, láti Ìdúmọ̀tà dé ọjà Sandgrouse, à ń sọ fún àwọn ìyá pé Àlájà ti fọwọ́ sí i. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní àwọn á rò ó wò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olùbẹ̀wò dé pẹ̀lú fáìlì àti agbòjò. Ó gbé báírò sókè, ó na ìka sí ọmọ àkọ́kọ́. Àlájà wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Tíṣà sáré gbé abọ́ sí iwájú ọkùnrin náà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, inú abọ́ yìí ni wọ́n wà." Èmi náà ṣàlàyé fún un. Olùbẹ̀wò wo abọ́, ó wo Àlájà, ó sì rọra ká ìka rẹ̀ kò.

Àwọn ọmọ da kóró sórí ẹní. Wọn ò kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe kọ́ wọn. Wọ́n ń kó o jọ ní márùn-ún márùn-ún, bí àwọn ìyá wọn ṣe ń kó tòmátì jọ lórí àtẹ ní Sandgrouse. Ta ló kọ́ wọn? Kì í ṣe èmi. Òkìtì mẹ́ta pé márùn-ún. Ìkẹrin jẹ́ mẹ́rin.

Báírò olùbẹ̀wò kò mira. Ìyá Tíṣà di etí ìró rẹ̀ mú. Ọmọbìnrin kékeré kan na ọwọ́ sí òkìtì ìkẹrin, ó ní, "Ẹyọ kan ló kù kó pé."

Ibi tá a ti ń wo ara wa la ti gbọ́ ìró bàtà. Obìnrin kan gbé igbá ata lórí, ó ń fa ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti ìta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú. Àwọn ọmọ ké sí i pé kóró rẹ̀ dà. Ọmọ náà dúró, ó yọ ọ́ jáde lẹ́nu, torí ó ṣì ń mu ún lọ́wọ́, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì fi í lé òkìtì ìkẹrin lórí.

"Ogún!" Ariwo náà dé Ìgà, mo lè búra. Èmi náà wà lára àwọn tó pariwo. Olùbẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi yọ̀ sí imú, ó ní kóró tó kẹ́yìn yẹn ṣì tutù, ṣùgbọ́n òun kà á. Ibẹ̀ ló ti fọwọ́ sí ìwé.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wọn ti pé, ó sì ju ogún lọ. Mo fẹ́ wọlé pẹ̀lú àpò mi. Ìyá Tíṣà gbé abọ́ dí ọ̀nà mọ́ mi, ó sì na kóró kan sí mi.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí. "Ẹni tó bá wá kọ́ nǹkan níbí gbọ́dọ̀ ju tirẹ̀ sínú abọ́."

Mo gbà á, mo sì jù ú síbẹ̀.