Bàtà Sìmẹ́ńtì

Ariwo ẹ̀rọ ni ọkọ mi kórìíra jù láyé. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ kan lójú rẹ̀ tó sì han gooro, kó tó kí yín tán, yóò ti dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tí yóò máa fi ìka tẹ bẹ́líìtì wò. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa pè é ní Má-jẹ̀ẹ́-ó-ké. Irin ló ń gbẹ́, púlì àti béárìn ló sì ń bá sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Èmi télọ̀ ni Ọlọ́run wá fi ṣe aya rẹ̀.

Ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Káfíńtà ni wọ́n, Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà lèmi sì ń pè wọ́n. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọkọ mi to ayùn oníná kan fún wọn, irú èyí tó rí rìbìtì bí àwo, tó yọ eyín sókè láàárín tábìlì. Oṣù mẹ́ta ò tíì pé tí ayùn náà fi gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì wọn. Wọ́n ní ńṣe ni ayùn ta gìrì, ó já pákó gbà, ó sì fa ọwọ́ àwọn tẹ̀ lé e. Bí ọkọ mi ṣe gbọ́ "ta gìrì" báyìí, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ìka mọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá jọ ń jẹun, ọwọ́ òsì yẹn ni ojú ọkọ mi máa ń wà títí oúnjẹ rẹ̀ yóò fi tutù.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá bí ayùn yóò ṣe máa bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí yóò sì máa dúró kíákíá. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ti rí i. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á rìn. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀, á dúró. Ló bá ṣe pátákó ìtẹ̀ kan sábẹ́ tábìlì ayùn tuntun. Bí ẹ bá tẹ pátákó yẹn, bẹ́líìtì tó ti dẹ̀ á máa le díẹ̀díẹ̀, ayùn á sì máa yí jẹ́jẹ́ títí yóò fi wọ iṣẹ́. Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, sípíríńgì á dẹ bẹ́líìtì padà, awọ kan á gbá púlì mú. Kí ẹ tó ka ení, èjì, ayùn ti dúró. Ara báàgì mi ló ti gé awọ náà láìbéèrè. Mi ò tíì dárí jì í.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà gbà á tayọ̀tayọ̀, wọ́n sì ṣàdúrà fún wa títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ mi yà síbẹ̀, ó bá òkúta ràgàjì lórí pátákó ìtẹ̀. Ayùn ń yí fún ara rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà sì wà lódì kejì tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló gbé òkúta síbí?"

"Ó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ni."

Ọkọ mi gbé òkúta sọ síta. Ó gbẹ́ pátákó náà kó dagun, kí òkúta kankan má lè jókòó sórí rẹ̀. Nígbà tó máa padà débẹ̀, wọ́n ti fi túùbù táyà so ó mọ́lẹ̀ pinpin. Inú bí i. Ó ṣe àpótí irin bo pátákó náà, ó dá ihò kan sí i, tí ẹsẹ̀ èèyàn nìkan lè wọ̀.

Ó ní, "Jẹ́ n rí òkúta tó máa wọ bàtà."

Èmi ni mo fojú ara mi rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo gbé épírọ́ọ̀nù tí mo rán fún wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì rí bàtà kan tó ti gbó nínú àpótí irin. Mo fà á, kò gbéra. Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì kún un dé ọrùn, ó ti gan. Wọ́n tilẹ̀ so okùn rẹ̀ dáadáa.

Ọkọ mi lọ gbé e wálé, ó sì gbé e lé orí tábìlì ìjẹun. Ó jókòó, ó ń wò ó.

Ó ní, "Èmi ń wá bí wọn ò ṣe ní pàdánù ọwọ́, àwọn ń rọ ẹsẹ̀! Mo ti ṣe tèmi. Bó bá wù wọ́n, kí wọ́n gé mẹ́jọ tó kù."

Mo mọ̀ pé kò dénú rẹ̀, nítorí omi ti lé ròrò sí i lójú. Ṣùgbọ́n ó ti sú èmi náà.

Mo bi í pé, "Ṣé o ti fi ayùn náà la pákó rí?"

"Ṣé wàá kọ́ mi níṣẹ́ ni? Mo dán an wò kí n tó gbé e fún wọn."

"Pákó tó gùn tó báwo?"

Ó na apá rẹ̀.

Mo ní, "Gbọ́, àwa télọ̀, orí àga la ń jókòó sí, aṣọ ló ń wá bá wa. Ṣé pákó ló ń wá bá káfíńtà, àbí káfíńtà ló ń bá pákó lọ? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Lọ bi ẹ̀gbọ́n rẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, mo sì tẹ̀ lé e, torí mi ò lè jẹ́ kí irú ìyẹn kọjá mi. Ó gbé pákó tó gùn ju ilẹ̀kùn lọ sórí tábìlì, ó ki ẹsẹ̀ bọ àpótí, ó ń tì í lọ. Pákó ò tíì dé àárín tí apá rẹ̀ fi tán. Ó nà, ó nà, bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lórí àjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jáde, ayùn há sínú pákó. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló há kó tó la pákó kan ṣoṣo, ojú ibi tó là sì rí wúruwùru. Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń wò ó, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni pákó kan. Ẹsẹ̀ mi ò gùn tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò sì lè sọ fún mi?"

"O ò bi mí."

Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Àgbà méjì, ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan ń rọ bàtà, èkejì ń dí ihò, kò sẹ́ni tó lanu!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ mi yọ pátákó ìtẹ̀ dànù. Ó wá fi ọ̀pá irin gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, láti iwájú dé ẹ̀yìn, níbi tí itan ń kàn. Bí itan yín bá ti ti ọ̀pá náà, ayùn á yí, ẹ ó sì máa rìn bá pákó lọ. Bí ẹ bá kúrò lára ọ̀pá, awọ báàgì mi á gbá púlì mú. Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ní ọ̀pá ń dun àwọn léegun. Ta ló tún kù? Èmi ni mo rán fóòmù mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí mo rán an tán ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó níṣojú wa. Wọ́n la pákó méjì, ó lọ geerege, ẹ̀rọ ò ké. Nídìí ẹ̀kẹta, wọ́n tẹ ègé igi kan mọ́lẹ̀, igi yí, wọ́n sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ síwájú. Mo rí ọwọ́ òsì wọn tó ń bọ̀ lórí ayùn. Mo figbe ta, mo sì dijú.

Nígbà tí mo lajú, ọwọ́ náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí eyín ayùn. Itan wọn ti kúrò lára ọ̀pá, ayùn ti dúró. Kò sí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ń wo ọwọ́ yẹn, wọn ò gbé e kúrò.

Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ayùn ìjọ́sí yẹn, kò ta gìrì. Mo tú ìdérí tó bo eyín rẹ̀ kúrò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń dí mi lójú. Ìgbà tí mo ti ọsibítù dé ni mo dè é padà. Ojú ló tì mí."

Ọdún mẹ́sàn-án! Mo wo ilẹ̀ yí ká, mo ń wá bàtà sìmẹ́ńtì tí ǹ bá sọ lù wọ́n, mo ṣì dúpẹ́ pé ilé ni mo fi í sí, tó ń di ilẹ̀kùn mú. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́ lórí ìyẹ̀fun igi. Mo rò pé yóò sunkún, mo tún rò pé yóò lu èèyàn. Nígbà tó dìde, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ìgbà tó bá ń bá béárìn sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí ayùn ná."