Ọ̀gá Dọ̀bálẹ̀, A Ṣí Géètì

Ní àwọn ọdún tí Mowe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún fún àwọn tí owó ilé lé kúrò l'Ékòó, lẹ́yìn ọdún 2000, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nítòsí Ifọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jìyà àìríàyè wọ ilé ìwé. Irọ́ ni.

Nígbà tí mo wọlé, ẹni tó bá ti yege ìdánwò ìjọba ti rí àyè. Nígbà tí mo fi dé ọdún kẹta, àwọn tó ń wá àyè ti pọ̀ bí eṣú, ilé ìwé sì gbé ìdánwò tirẹ̀ lé e. Sìdíkátù, ọmọ Bàbá Lámídì, àgbẹ̀ abúlé tó yọ̀ǹda ilẹ̀ oko rẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ ilé ìwé náà, ṣe ìdánwò méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ kò jáde. Òṣìṣẹ́ kan ló tú àṣírí fún wa pé ìwé ìdánwò ti pọ̀ jù, pé odindi àpò mẹ́ta wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò máàkì. Ti Sìdíkátù wà níbẹ̀.

A ti géètì pa fún ọjọ́ mẹ́ta, àwa àti àwọn ará abúlé. A ní kí wọ́n máàkì ìwé yẹn, kí wọ́n sì kọ ìlérí náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé jáde. Kò wo ojú àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀dọ̀ Bàbá Lámídì ló lọ tààrà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Bàbá, ẹ fọwọ́ wọ́nú. A máa máàkì ẹ̀. Ọmọ yín á wọlé."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ná."

Bàbá wò mí tìka-tẹ̀gbin. "Táyọ̀, odindi ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú gbogbo ayé, o ní kí n ní kó lọ mú bírò wá? Ṣé ẹ̀kọ́ ilé ẹ nìyẹn?"

Ojú tì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣí géètì.

Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbé ọ̀gá náà lọ síbòmíràn. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní òun kò mọ ìlérí kankan, a sì gbọ́ pé wọ́n ti dáná sun ohun tó wà nínú àpò. Lọ́dún kejì, àwọn tó ń wá àyè tún lé sí i.

Ohun tí a rí jẹ ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ máàkì gbogbo ènìyàn mọ́ ògiri. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò ṣe Sìdíkátù ní oore kankan, a sì ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ n'Íbafo lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Mo ní kó má bínú, pé bàbá rẹ̀ ló ní ká ṣí géètì.

Kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ. "Bọ̀dá Táyọ̀, bàbá mi ò mọ̀wé. Ẹ̀yin mọ̀wé."

Inú bí mi gan-an, torí òótọ́ ló sọ.