Iṣu tí mo dá padà fún ìyá àgbà

Lónìí ni mo kọ́kọ́ rí òfin tó ní kí n dá ẹ̀bùn padà fún àgbàlagbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ń du ipò káńsẹ́lọ̀ ní Ayédé, èmi sì ni akápò rẹ̀. Láàárọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní òfin ìbò fẹ́ kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá fún wa ní nǹkan ìpolongo, ìbáà ṣe oúnjẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a kọ orúkọ òun, ká dá nǹkan rẹ̀ padà.

Mo lọ bá ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa tó fún wa níṣu.

"Ìyá, mo fẹ́ kọ orúkọ yín."

"Ẹgbẹ́ kejì lọmọ mi wà. Bó bá rí orúkọ mi níbẹ̀, ṣé ìwọ lo máa bá mi parí òrùlé ulé mi?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ tèmi, Ìyá."

"Ṣé ìwọ lo gbìn ín?"

N ò fẹ́ parọ́, n ò sì fẹ́ kó ìyá sí wàhálà. Mo kó iṣu tiwa, mo fi ọ̀kadà kó o lọ fún un.

Ó yí i wò. "Uṣu mi kọ́ rè é."

"Tiyín ti wà níkùn àwọn tó ń lẹ pósítà, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣa èyí tó tóbi jù níbẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ, kó rí nǹkan jẹ. Má sì kọ orúkọ mi."

Iṣu náà ló wà níwájú mi yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mòfin, kí ni kí n ṣe sí i? Ẹ tètè dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé omi kaná.